Ta Ló Mi Àwọn Ajókòó?

Ẹni tó bá rò pé igi gbígbẹ lásán ni egungun, kó lọ bi Alágbàtọ́ léèrè. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì egungun, àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí, tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń mọ egungun bí ọ̀mọlé ṣe ń mọ ilé. Inú àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé, nínú omi oúnjẹ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nínú àpótí tó móoru bí ara ènìyàn. Alágbàtọ́ ló ń pààrọ̀ omi wọn, òun ló ń wo ooru wọn, òun náà ló sì ń kí wọn láràárọ̀ bí ẹni pé wọ́n máa dáhùn. Bó ṣe di Alágbàtọ́ nìyẹn. Orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé níbi iṣẹ́.

Ohun tó máa sọ fún ọ, yálà o bi í tàbí o ò bi í, ni pé egungun ń gbọ́ràn. Bí o bá ń rìn, tí o ń sáré, tí o ń gbé ẹrù, gbogbo ìró ẹsẹ̀ yẹn ń dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú egungun rẹ. Wọn a ránṣẹ́ sí ara wọn pé iṣẹ́ ti dé o, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọlé. Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó gẹlẹtẹ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn náà a káwọ́ gbera. Àwọn mìíràn wà nínú ara tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ ilé wíwó, àwọn yẹn a wá rí àyè ṣe tiwọn, torí pé kí lèèyàn fẹ́ fi ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé ṣe.

Láti fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, ìdílé sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn kan ń jẹ́ Oníjó. Ní àràárọ̀ ni Alágbàtọ́ máa ń gbé àwo wọn lé orí ẹ̀rọ kan tó ń gbọ̀n jìgìjìgì fún ogún ìṣẹ́jú. Àwọn kejì ń jẹ́ Ajókòó. Àwọn yẹn kì í ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń jẹun, wọ́n sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn a da aró pupa sí ìdílé méjèèjì, wọn a sì fi omi ṣàn án. Níbi tí egungun bá ti hù, aró a mú, àwo a pọ́n. Níbi tí kò bá sí egungun, aró a bá omi lọ, àwo a funfun. Àwọn Oníjó máa ń pọ́n, àwọn Ajókòó máa ń funfun, bó sì ṣe ń rí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn. Alágbàtọ́ máa ń káàánú àwọn Ajókòó. Ó ti ṣèèṣì sọ ọ́ lójú gbogbo ayé nígbà kan pé wọ́n dà bí ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré níta. Ọ̀rọ̀ yẹn máa padà wá bá a, ẹ máa gbọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá iṣẹ́ náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, awò ojú rẹ̀ wà ní etí imú, bírò pupa wà nínú irun rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìró bàtà, á ní, “Rọra.” Bí wọ́n bá fa àga, á ní, “Rọra.” Ọjọ́ tí ẹnìkan mú ìròyìn wá pé ìyàwó òun ti bímọ, tó fẹ́ máa fò sókè, “Rọra” náà lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tẹnu rẹ̀ jáde kó tó kí i kú oríire. Ìyá Rọra ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, “mà” ni.

Kí ẹ má dá a lẹ́bi. Ilé àtijọ́ nilé yẹn, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni yàrá iṣẹ́ wà, pákó sì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Bí o bá dúró wúwo ní ìkángun kan, ẹni tó wà ní ìkángun kejì á mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Bí ìjìgìjìgì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti wọ̀gbẹ́. Òun ló jẹ́ kó so ìwé ńlá kan mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú okùn. Ìwé Ìjìgìjìgì lorúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mi ilẹ̀, ìbáà ṣe pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ aago tó ṣe é, ohun tó ṣe, kó sì fọwọ́ sí i. Bí o bá ṣí ìwé náà, wàá rí i: “Aago mẹ́sàn-án. Mo ju báàgì sílẹ̀. Èmi ni.” “Aago mọ́kànlá. Mo sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkẹta le. Èmi ni.” Ní ọjọ́ Ẹtì Ìyá Rọra á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fi bírò pupa kọ èsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, irú bíi: “Ra áńkáṣíìfù.”

Nínú gbogbo wọn, Alágbàtọ́ ni orúkọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù nínú ìwé náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé bẹ́ẹ̀ ló ń rìn lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ló ń rìn nílé.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n da aró sí àwọn Ajókòó tí wọ́n pọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n pọ́n díẹ̀. Wọ́n pọ́n dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n ju àwọn Oníjó lọ, àwọn tó ń fojoojúmọ́ jó bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún wọn. Wọ́n ní bóyá àṣìṣe ni. Wọ́n kó àwo tuntun, wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, wọ́n da aró. Wọ́n tún pọ́n.

Ìyá Rọra pe Alágbàtọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

“Alágbàtọ́, ṣé o ò gbé wọn lé ẹ̀rọ?”

“Rárá o, mà.”

“Ṣé o ò fi ti àwọn kan ṣe ti àwọn kejì nígbà tí ò ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára?”

“Rárá, mà.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Ṣé o ò ṣàánú wọn?”

Ìbéèrè yìí ló dùn ún jù. Bó bá ní òun kì í ṣàánú wọn, irọ́ ni. Bó bá ní òun ń ṣàánú wọn, ó ti tán. Ó wo ilẹ̀ pákó. “Mo máa ń káàánú wọn, mà. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n.”

“Ẹ̀ẹ̀kan la tún máa dán an wò,” ni Ìyá Rọra wí. “Ọjọ́ tí a bá da aró sí wọn, àwọn àgbà méjì máa wá láti ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ wa. Bí àwọn Ajókòó bá tún pọ́n, wàá kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wàá lọ, wàá máa bá wọn fọ ìgò.”

Ìgò fífọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ayé máa sọ ni pé Alágbàtọ́ purọ́, pé lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún ó lọ ń jí àwo gbé jó. Ìyẹn kò ṣeé gbọ́ sétí.

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ oníbúrẹ́dì, ẹ̀yìnkùlé ni ààrò rẹ̀ wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ kẹta ìdánwò ìkẹyìn wọlé, ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó yíjú, ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi igi ìyẹ̀fun là á lórí.

“Bàbá Ìbejì, ìgbà wo lẹ wọlé? Ẹ̀ ń rìn bí olè. Ọjọ́ kan ni mo máa ṣe yín léṣe, mi ò sì ní jẹ̀bi.”

“Ó ti pẹ́ tí mo ti dé.”

“Mo mọ̀. Ó máa ń pẹ́ tí ẹ ti dé kí n tó mọ̀.” Ó wo ojú rẹ̀. “Àwọn Ajókòó yẹn náà ni?”

Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, ó sì rojọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ìyẹn ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ rọ́ ọ.

“Bí búrẹ́dì mi bá rì nínú ààrò,” ló wí nígbà tó yá, “mi ò jẹ́ bá búrẹ́dì jà. Mo máa ń wá ẹni tó gbá ilẹ̀kùn.”

“Kò sẹ́ni tó ń gbá ilẹ̀kùn níbẹ̀, Ìyá Ìbejì. A mọ̀ọ́mọ̀ gbé àpótí àwọn Ajókòó ti ògiri ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ibẹ̀ ló dákẹ́ jù nínú gbogbo ilé. Eṣinṣin gan-an, bó bá débẹ̀, á bọ́ bàtà.”

“Ṣé ẹ máa ń wà lọ́dọ̀ wọn látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́?”

“Àfi láti aago kan sí aago méjì. Òfin ni pé kí gbogbo wa jáde lọ jẹun, kí yàrá lè sinmi.”

“Ìgbà wo lòfin yẹn bẹ̀rẹ̀?”

“Á tó oṣù mẹ́ta.”

“Ta ló ṣe é?”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n.”

“Ìgbà wo sì làwọn Ajókòó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n?”

“Àwo àkọ́kọ́ tó pọ́n… á tó bí oṣù mẹ́ta tí a ti gbìn ín.”

Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó gbọn ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó wò ó títí. Alágbàtọ́ náà ń wò ó. Ojú ọkùnrin náà mọ́ roro, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Olówó orí mi,” ni ìyàwó wí jẹ́jẹ́, “ẹ gbé ife omi kan lé orí àpótí yẹn lọ́la. Kí ẹ jókòó tì í láti aago kan. Kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀, Alágbàtọ́ náà bá wọn sọ̀ dé àtẹ̀gùn kẹrin, ó wá fi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gun òkè padà. Ó bu omi sínú ife gíláàsì, ó gbé e lé orí àpótí àwọn Ajókòó, ó sì rá wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀ lọ́wọ́. Kò jẹ búrẹ́dì náà, torí èèpo rẹ̀ máa ń dún.

Aago kan lù. Omi dúró jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, omi dúró. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òrùka kékeré kan yọ láàárín ife, ó fẹ̀ dé etí gíláàsì. Òmíràn yọ. Òmíràn tún yọ. Kò pẹ́ tí omi fi ń jó nínú ife bí ẹni tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí.

Èrò àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni pé ilé fẹ́ wó. Èkejì ni pé ìjókòó ti sú àwọn Ajókòó, wọ́n ti dìde. Ó gbé etí lé ara àpótí.

“Ẹ̀yin ni?” ló bi wọ́n léèrè.

Ibi tí etí rẹ̀ wà yẹn ló ti gbọ́ ọ. Gbì. Gbì. Gbì. Láti inú ògiri ni. Láti ẹ̀yìn ògiri.

Gíláàsì wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Ìyá Rọra, kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n fi bò ó, etí kàlẹ́ńdà náà sì ti ká sókè níbì kan. Alágbàtọ́ mọ̀ pé yíyọjú wo àgbà kò dára. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wà láàárín yàrá. Bàtà rẹ̀ wà lórí tábìlì, méjèèjì tò tira. Ó ti ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé orókún, ó fi àwọn píìnì tí wọ́n fi ń di ìwé pa pọ̀ há a mọ́ ìbàdí. Okùn gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fì í kọjá lórí, ó ń fò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fokùn. Awò ojú rẹ̀ ń fò lọ́tọ̀, bírò pupa inú irun rẹ̀ ń fò lọ́tọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń ka iye rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé: “Mọ́kàndínlọ́gọ́sàn-án… ọgọ́sàn-án… mọ́kànlélọ́gọ́sàn-án…” Ohun tí Alágbàtọ́ rí lójú rẹ̀ kì í ṣe eré. Ó fún ètè pọ̀ bí ẹni tí nǹkan ń lé. Nígbà tó pé igba, ó dúró, ó di etí tábìlì mú, ó sì fọwọ́ pa orókún rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́.

Alágbàtọ́ padà sábẹ́ tábìlì. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn débi pé ó bu búrẹ́dì jẹ. Kò tíì gbé e mì tí ọ̀rọ̀ fi dojú rú. Ìdánwò kẹta ti bàjẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa da aró sí wọn, aró máa mú, àwo máa pọ́n. Bó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ là, àfi kó dúró níwájú àwọn àgbà kó ní ẹni tó ṣòfin ló ń fokùn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ẹ má sì rò pé ojo ni. Kì í ṣe ẹni tó kàwé rẹpẹtẹ nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé yẹn. Kunlékunlé ni. Ó wá kun ògiri ni, ó ń gbé àkàbà rẹ̀ yí tábìlì ká, Ìyá Rọra sì dúró ní ẹnu ọ̀nà tó ń wò ó. Nígbà tó kùn ún tán obìnrin náà ní, “Odindi ọjọ́ mẹ́ta lo fi gbé àkàbà káàkiri, omi inú àwo mi kò mì. Ṣé o fẹ́ṣẹ́?” Ẹnìkan ṣoṣo tó tíì sọ fún un láyé rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ tutù nìyẹn. Àwọn tó kù máa ń sọ pé ó lọ́ra ni.

Kí ló kù tó lè ṣe? Òfin ni òfin. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí Ìwé Ìjìgìjìgì, ó kọ ọ́: “Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi mì. Kì í ṣe èmi.”

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọjọ́ Ẹtì kò tíì pé, bírò pupa ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: “Ta ni?”

Alágbàtọ́ ronú títí di ọ̀sán. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: “Àgbà kan.”

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀: “Àgbà wo? Kí ó fọwọ́ sí i.”

Mo rò pé ọwọ́ ló kọ ọ́ kí orí tó mọ̀, bírò pupa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Torí pé ní aago kan ọjọ́ náà, Alágbàtọ́ wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ife sì wà lórí àpótí. Omi kò mì. Títí aago méjì fi lù, omi kò mì. Nígbà tí Ìyá Rọra jáde, ojú rẹ̀ rí bí ìyẹ̀fun tí kò wú. Ó ní, “Ẹ káàsán.” Ọdún mọ́kàndínlógún, kò tíì fi “ẹ” kí Alágbàtọ́ rí. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà mọ̀ pé ó ti mọ̀ pé òun mọ̀, àwọn méjèèjì ò sì lè wo ara wọn lójú.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Àwọn àgbà méjì náà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé, ọkùnrin kan tó ń tẹ ọ̀pá, àti obìnrin kan tó ń kọ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Bàbá Ọ̀pá tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́ pákó, kò! Ìyá Rọra kò sọ pé rọra.

Wọ́n da aró. Wọ́n dúró. Wọ́n fi omi ṣàn án. Àwo àwọn Oníjó pọ́n. Àwo àwọn Ajókòó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.

“Ta ló ń tọ́jú àwọn wọ̀nyí?” ni Bàbá Ọ̀pá béèrè.

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé o mì wọ́n?”

“Mi ò mì wọ́n, sà.”

“Ta wá ni?”

Alágbàtọ́ wo ilẹ̀. “Ohun tí mo rí, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, sà.”

Obìnrin náà tú ìwé náà lókùn, ó sì ń kà á sókè, látorí báàgì tó já bọ́ dé orí sísín, dé orí ẹnìkan tó fi ìgbáròkó gbá tábìlì tó sì ya àwòrán igun tó gbá. Ó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. “‘Omi mì. Kì í ṣe èmi.’ ‘Ta ni?’ ‘Àgbà kan.’ ‘Àgbà wo? Kí ó fọwọ́ sí i.’” Ó gbójú sókè. “Kò sí ìfọwọ́sí níbí.”

“Àgbà wo nìyẹn?” ni Bàbá Ọ̀pá béèrè.

O lè gbọ́ bí aró ṣe ń gbẹ. Alágbàtọ́ ronú nípa ìgò, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nísàlẹ̀. Ó ronú nípa ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa sọ. Ó sì rí ọwọ́ yẹn tó ń pa orókún. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ó rọra gbé e. Kò dún rárá.

Àìdún rẹ̀ yẹn ni Ìyá Rọra kò lè gbà.

“Ẹ gbé ife omi kan lé orí àpótí yẹn,” ló wí. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Alágbàtọ́ gbé ife omi. Àwọn àgbà méjì náà tẹ̀ síwájú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ki imú bọ̀ ọ́. Wọ́n gbọ́ tí bàtà kan balẹ̀ sórí tábìlì, ìkejì tẹ̀ lé e. Gbì. Òrùka yọ nínú omi. Gbì. Gbì. Gbì.

“Ṣé ó ń mì?” ni ohùn Ìyá Rọra béèrè láti ẹ̀yìn ògiri, èémí rẹ̀ ń já.

“Ó ń mì, mà.”

“Ṣé wọ́n rí i?”

“Wọ́n ti rí i, mà. Ó ti tó.”

“Kò tíì tó. Mo ṣì wà ní méjìdínlọ́gbọ̀n.”

Báyìí ni gbogbo wọn ṣe dúró yí ife omi ká, tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi fo igba láìyọ ẹyọ kan. Obìnrin náà kọ igba sílẹ̀. Bàbá Ọ̀pá ti gbàgbé ara rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta, ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà tó jáde, píìnì kan ṣì há síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè lápá kan, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo ẹlòmíràn àfi Alágbàtọ́.

“Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn wọ́n ya fọ́tò egungun mi nílé ìwòsàn,” ló wí. “Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, èmi ni mo kọ́ ọ níwèé. Ó ní, ‘Tíṣà, egungun yín ti ń fúyẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé èyí tí a kò bá lò, ara á kó o padà. Ẹ máa fò díẹ̀díẹ̀.’ Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé egungun ń fẹ́ ìjìgìjìgì. Ọgbọ̀n ọdún náà ni mo fi jókòó sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí.”

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rò ó.

“Ṣé àwọn egungun náà ti ń le?” ni Bàbá Ọ̀pá béèrè.

“Oṣù tó ń bọ̀ ni fọ́tò kejì. Mi ò tíì mọ̀.”

Alágbàtọ́ ò mọ̀ pé òun máa sọ̀rọ̀. Ó gbé àwo àwọn Ajókòó sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó pupa fòò. “Ẹ wo àwọn wọ̀nyí, mà. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wà. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri bá gbọ́ ọ tó báyìí, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ńkọ́?”

Ìyá Rọra wo àwo náà títí. Ó rẹ́rìn-ín kan tí Alágbàtọ́ ò gbọ́ rí láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín tó mi tábìlì. Ó gba Ìwé Ìjìgìjìgì lọ́wọ́ obìnrin náà, ó fa bírò pupa yọ nínú irun, ó sì jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fokùn nígba ìgbà, èmi ni. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kọ, ó sì fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn àgbà méjì náà jókòó dè é, Bàbá Ọ̀pá sì fi àkókò náà bi Alágbàtọ́ léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta irú okùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kọ tiẹ̀ tán, ó tú ìwé padà sí ojú ewé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lábẹ́ “Kì í ṣe èmi,” ó kọ ọ́: “Òótọ́ ni.” Lábẹ́ “Àgbà wo? Kí ó fọwọ́ sí i,” ó fọwọ́ sí i. Ó wá fi ìka kan ti ìdì kọ́kọ́rọ́ náà padà kọjá lórí tábìlì, wọ́n sì ń dún wọnrangandan títí wọ́n fi dé ọwọ́ ẹni tó ni wọ́n.

“Gbé àpótí yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi lọ́jọ́ Ajé,” ló wí. “Ìsàlẹ̀, nínú ọgbà, ni màá ti máa fò. Lọ jẹun, aago kan ti kọjá.”

Alágbàtọ́ jáde. Ó dé orí àtẹ̀gùn, ó gbé ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e, ìka síwájú, gìgísẹ̀ lókè. Ó dúró. Ó rántí pé òun náà ní egungun, pé ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí wọn ò ti gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ òun. Ó fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀. Gbì. Ó dún dáadáa. Ó fi èkejì balẹ̀. Gbì, gbì, gbì, ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ni ilé, àwọn afọgò yọjú síta láti wo ẹni tó ń bọ̀, ó sì kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí. Ó mí kanlẹ̀, ó yípadà, ó tún gun gbogbo àtẹ̀gùn náà padà, ó ṣí ìwé, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ìfọwọ́sí Ọ̀jọ̀gbọ́n: “Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fi ẹsẹ̀ rìn. Èmi ni.”